Ara mi ń tì mọ́ ọkọ mi, ẹ bá mi dá sí i

Abẹ̀kẹ́ Iléṣà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, ìbálòpọ̀ kò tíì ṣeé ṣe fún wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ọkàn mi ń fà á, àmọ́ bó bá ti sún mọ́ mi báyìí, ìsàlẹ̀ mi á fún pọ̀, á máa ta mí bí iná. Nọ́ọ̀sì kan ní ó jọ vaginismus. Ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?

Ìyá Ìbejì Lágere: Àbúrò mi, èmi rí i. Wọ́n gbé mi gun orí òkè, wọ́n ní ọkọ ọ̀run ni, ààwẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà àwọn obìnrin, kò tíì mú irin tí wọ́n fi ń wo ojú ara tí itan mi ti pa dé, mo ti bú sẹ́kún. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní iṣan tó yí ojú ara ká ló ń fún pọ̀ fúnra rẹ̀, bí ojú ṣe máa ń pa dé tí nǹkan bá fẹ́ kó sí i. Ó ní kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe é. Ó wá kọ ìwé fún mi lọ sọ́dọ̀ àwọn fisio, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí dé ìsàlẹ̀ ikùn, bí wọ́n ṣe ń dẹ iṣan yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní dilator, ohun roboto tí wọ́n fi ń kọ́ ojú ara láti ṣí díẹ̀díẹ̀, èyí tó kéré jù ò ju ìka lọ. Èmi fúnra mi ni mò ń kì í bọ̀ ọ́, pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì, nínú yàrá mi. Tí èyí ò bá dùn mí mọ́, mo bọ́ sí èyí tó tóbi díẹ̀. Ó gba sùúrù o, àmọ́ àwọn ìbejì mi nìyí.

Akin Mọdákẹ́kẹ́: Ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe pé ìyàwó ò fẹ́ ọkọ ni?

Ìyá Ìbejì Lágere: Akin, padà lọ ka ohun tó kọ.

Ọkọ Ìyàwó Sábó: Akin, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi agbára ṣe é, wọ́n ní á là. Mo kọ̀. Fisio sọ fún wa pé ìrora yẹn gan-an ló ń kọ́ ara láti túbọ̀ fún pọ̀. A pa ìbálòpọ̀ tì ná, a kàn ń dì mọ́ra. Ìgbà yẹn ni ara ìyàwó mi tó balẹ̀.

Akin Mọdákẹ́kẹ́: Ó yé mi wàyí.

Màmá Òkè-Omirú: Èmi ò ní kí ẹ má lọ ọsibítù, àmọ́ ọkọ ọ̀run wà!

Tísà Ẹnuwá: Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ní nǹkan bí 1862 ni Sims, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti fún àìsàn yìí lórúkọ. Ṣé ọkọ ọ̀run ló dé bá wọn lọ́hùn-ún náà?

Màmá Òkè-Omirú: Ọmọ mi, ẹ̀mí ò nílò físà.

Ẹ̀bùn: 😂😂 Màmá!

Ẹ̀bùn: Tèmi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán ojú ara mi. Tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà kankan. Ṣé òun náà ni?

Ìyá Ìbejì Lágere: Ó lè jẹ́ òun, ó máa ń wá lẹ́yìn náà. Àmọ́ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú ọgbẹ́ yẹn àti bóyá infection wà.

Abẹ̀kẹ́ Iléṣà: Ẹ ṣé gan-an. Ìyá ọkọ mi ń béèrè oyún lójoojúmọ́. Ṣé kí n sọ fún wọn?

Tísà Ẹnuwá: Rárá! Kí ni tìyá ọkọ nínú yàrá yín?

Màmá Òkè-Omirú: Ìyá ni wọ́n. Tí wọn ò bá mọ̀, wọ́n á ní ó yàgàn.

Ọkọ Ìyàwó Sábó: Kí ọkọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Èmi ni mo sọ fún ìyá mi, wọn ò béèrè mọ́.

Abẹ̀kẹ́ Iléṣà: Ọkọ mi ní òun á bá mi lọ sí ọsibítù Wesley Guild lọ́jọ́ Ajé. Ṣé wọ́n á jẹ́ kó wọlé?

Ìyá Ìbejì Lágere: Sọ fún wọn pé o fẹ́ kó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin lo fẹ́ kó yẹ̀ ọ́ wò, béèrè. Tó bá sì ti dùn ọ́, ní kí wọ́n dúró.