Ṣé kí n ra gìtá tuntun, àbí kí n máa bá Sunday mi lọ?

Onígìtá Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé irú ìbéèrè yìí ti sú àwọn kan nínú yín, àmọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Ọdún 2015 ni mo ra gìtá oníná tí mo fi ń ṣeré báyìí. Tòkúnbọ̀ ni, ₦38,000 ni mo rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti rìnrìn àjò. Àwòkọ Stratocaster ni, ìyẹn gìtá oníná kan tí ilé-iṣẹ́ Fender ń ṣe. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ti pa rẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi, lẹ́tà S kan ṣoṣo ló kù, ni àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa bá sọ ọ́ ní Sunday. Orúkọ yẹn ló ń jẹ́ títí di òní. Òun ni mo fi kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀, òun ni mo sì gbé kọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó èmi fúnra mi nígbà tí onígìtá tí a háyà ò yọjú. Ọrùn rẹ̀ ti mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé bí iná bá lọ láàárín orin, ìka mi ò ní ṣìnà.

Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ti wà nínú báńdì jùjú kan tó ń ṣeré òde àríyá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí a bá kọ orin méjì mẹ́ta, wọ́n á ka Bíbélì, màá ráyè tún ohùn okùn tò. Ní òde àríyá, orin kan lè lọ fún ogójì ìṣẹ́jú láìdúró. Kí ilẹ̀ tó mọ́, okùn kẹta Sunday á ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó tún máa ń kùn hùùù bí ẹni pé oyin ló wà nínú áńpù tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ní Sátidé méjì sẹ́yìn, ọ̀gá báńdì wò mí lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ṣé gìtá ọmọdé lo tún gbé wá?" Àwọn onílù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ n ò rí oorun sùn nígbà tí mo délé.

Mo ti kó ₦400,000 jọ. Ọkàn mi ń fà sí Yamaha Pacifica 112V, tàbí tòkúnbọ̀ Fender tí wọ́n ṣe ní Mẹ́síkò bí mo bá rí nǹkan fi kún un. Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ohun tó kàn sọ ni pé September ń bọ̀, owó ilé-ìwé ò mọ Yamaha. Kí ni kí n ṣe?

Jagun Tẹ́nọ̀:

Rà á. Kí lo tún ń béèrè? Irinṣẹ́ ni. Télọ̀ wo ló ń bẹ oníbàárà pé kó ṣe sùúrù, ẹ̀rọ òun ń já òwú? Báńdì tó ń sanwó fún ẹ lo wà, o ò sí níbi ìdánrawò mọ́. Àwọn tó máa sọ fún ẹ pé "ọwọ́ ni gìtá" ń bọ̀ lọ́nà, gbogbo wọn ló ní gìtá gidi nílé.

Atúngìtá Abẹ́òkúta:

Jagun, aláìsàn ò tíì sọ ibi tó ń dùn ún, ẹ ti ń ra pósí.

Àbúrò, dá mi lóhùn ná. Ìgbà wo lo pààrọ̀ okùn kẹ́yìn, nọ́ńbà mélòó sì ni, ìyẹn bó ṣe nípọn tó? Bí o bá ń lọ́ okùn kẹta, ṣé ó máa ń dún "tín!" lójijì kí ohùn tó fò sókè? Kíkùn yẹn ńkọ́, bí o bá fọwọ́ kan okùn, ṣé ó máa ń dínkù àbí ó ń pọ̀ sí i? Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù: ṣé iná ti ta ọ́ lẹ́nu rí nígbà tí o sún mọ́ makirofóònù?

Ìyá Básì:

Ẹ kú àárọ̀ láti Peckham ní London. Àbúrò, èmi náà ti ra èyí tó wọ́n rí. Ní 2019, mo fi owó oṣù méjì ra básì kan tó jẹ́ pé bí mo bá kàn ṣí àpótí rẹ̀, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì á máa ya fọ́tò. Ó rẹwà. Ó tún wúwo bí àpò gàrí. Kí ìyìn àti ìsìn tó parí, èjìká mi á ti kú. Báyìí, àpótí rẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ń jókòó lé wo tẹlifíṣọ̀n, èmi sì ti padà sí básì mi àtijọ́.

N ò ní kó o má rà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó o gbé e kọ́rùn fún wákàtí kan gbáko kó o tó sanwó. Dìde dúró kó o fi ta orin tí ẹ máa ń ṣe lóde. Di ojú rẹ. Orí ìjókòó ni gbogbo gìtá ti ń dùn.

Bó o bá sì máa rán èèyàn ní London, tòkúnbọ̀ ọwọ́ ẹni sí ẹni ni kó wá. Denmark Street, òpópónà àwọn ṣọ́ọ̀bù gìtá, dùn-ún wò, mo máa ń lọ síbẹ̀ lọ ṣe ojú yòyò, àmọ́ n kì í mú owó dání. Kí ẹni tó máa gbé e wálé dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀, kó sì fi sínú àpótí líle. Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún àbúrò mi nínú báàgì aláṣọ lásán. Orí gìtá ló kọ́kọ́ dé, ara tẹ̀ lé e.

Onígìtá Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Jagun, mo gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Atúngìtá, okùn ti tó oṣù márùn-ún. 10 ni mo fi sí i, nítorí 09 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń já. "Tín" yẹn, bí ẹni pé ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi! Kíkùn máa ń dínkù bí mo bá fọwọ́ kan okùn. Iná ta mí lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, ní òde kan tí wọ́n ti ń lo jẹnẹrétọ̀. Mo kàn fi aṣọ bo makirofóònù, a sì ń bá eré lọ.

Atúngìtá Abẹ́òkúta:

O fi aṣọ bò ó! Olúwa ló yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí kò sí gìtá tí o lè rà tó máa wo ìyẹn sàn, ì báà ti Amẹ́ríkà dé. Okùn gìtá so mọ́ earth áńpù, ìyẹn wáyà tó ń darí iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀. Bí earth ibi tí ẹ ti ń ṣeré ò bá dára, tàbí tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì áńpù kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná lè máa rìn láàárín ọwọ́ rẹ tó wà lórí okùn àti ẹnu rẹ tó kan makirofóònù. Ó ti pa àwọn olórin rí. Ra tester oníná kékeré, kó o máa fi kan makirofóònù kí o tó kọrin. Bí ó bá tàn, má sún mọ́ ọn, kí ẹ pe oníná kó ri irin earth mọ́lẹ̀.

Ó kan ohùn tó ń yẹ̀. Nut ni mo fura sí, ìyẹn eegun funfun tí okùn ń gbà kọjá ní ìdí orí gìtá. Ihò tó wà níbẹ̀, okùn 09 ni wọ́n gé e fún. O wá fi 10 sí i, okùn há. Bí o bá lọ́ ọ, ó dúró lójú kan, nígbà tí agbára bá kún, ó fò: tín! Bí o bá wá tẹ okùn nídìí orin, ó tún yọ̀ padà. O rò pé gìtá burú, okùn ló há. Lọ́ lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù kúnná, kó o fi sí ihò náà bí o bá ń pààrọ̀ okùn. Ìyẹn á mú ọ dé Sátidé. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi fáìlì kékeré fẹ̀ ẹ́ níwọ̀nba, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Má fi abẹ ṣe é fúnra rẹ. Bí ihò bá jìn jù, okùn á máa gbọ̀n lára irin àkọ́kọ́ tó wà lọ́rùn gìtá, o ti da iṣẹ́ méjì sílẹ̀ nìyẹn.

Okùn oṣù márùn-ún ńkọ́? Òógùn Sátidé ogún ló wà lára rẹ̀. Jù ú nù. Tuntun náà, bí o bá ti fi í sí i, fi ọwọ́ fà á sókè díẹ̀díẹ̀, tún ohùn tò, tún fà á, títí tí kò fi ní yẹ̀ mọ́.

Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá o ń lo ọ̀pá tí a fi ń mi ohùn. Ọ̀pọ̀ onígìtá jùjú ò fọwọ́ kàn án. Bí o kò bá ń lò ó, yí gìtá dojú bolẹ̀, ṣí pátákó ẹ̀yìn rẹ̀, fún ìdè méjì tó di spring mú le títí ìdí okùn á fi lẹ̀ mọ́ ara gìtá pẹ́kípẹ́kí. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ tó ń léfòó yẹn, bí okùn kan bá já, gbogbo àwọn tó kù á gòkè ohùn. O mọ bí ìyẹn ṣe ń dójú ti ni.

Ọmọ Gbọ̀ngán:

Ẹ̀gbọ́n, S ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń ta sítíkà orúkọ Fender lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí rẹ̀, ọ̀gá báńdì á dákẹ́ 😂

Jagun Tẹ́nọ̀:

Ọmọ yìí máa kó wa sí wàhálà.

Atúngìtá, mo gbà pé iṣẹ́ rẹ nìyẹn, àmọ́ ẹ ṣírò ó fún un dáadáa. Nut tuntun, okùn tuntun, owó iṣẹ́. Lọ́la wọ́n á ní kó pààrọ̀ machine head tí a fi ń lọ́ okùn, lọ́tùn-únla píkọ́ọ̀pù tó ń gba ohùn okùn. Bó bá wá fẹ́ tà á, kò sẹ́ni tó máa san kọ́bọ̀ lé e nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bàbá Onígìtá:

Ẹ kú ìjókòó. 1974 ni mo ti ń fi gìtá ṣeré, ojú mi ti rí oríṣiríṣi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kíkùn yẹn díẹ̀. Nígbà tí Stratocaster jáde ní 1954, ibi mẹ́ta péré ni ohun tí a fi ń yan píkọ́ọ̀pù ń dúró sí. Àwa olórin la rí i pé bí a bá há a sáàárín, ohùn kan á jáde tó mọ́ gaara bí omi àmù. A máa ń fi igi ìṣáná há a kó má yẹ̀. 1977 ni Fender ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi oníbi márùn-ún sí i. Ohùn àárín yẹn lèmi mọ̀ ní ohùn jùjú. Ó dá mi lójú pé àwòkọ tìrẹ ní ibi márùn-ún. Gbé e sí ìkejì tàbí ìkẹrin. Bó bá jẹ́ pé wọ́n wé píkọ́ọ̀pù àárín sódì sí àwọn tó kù, kíkùn máa lọlẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá lọlẹ̀, yí ara rẹ díẹ̀ kúrò lójú jẹnẹrétọ̀ àti áńpù. Irú píkọ́ọ̀pù ẹlẹ́yọ kan bẹ́ẹ̀ ń kùn, olówó ńlá náà ń kùn. Pacifica 112V tí o ń wò ní píkọ́ọ̀pù onílọ́po méjì kan lẹ́bàá ìdí okùn, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ kùn, o sì lè fa bọ́tìnì sókè kó di ẹyọ kan. Yíyàn tó dára ni, n kò bá ọ jiyàn.

Ní ti ọ̀gá rẹ, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí ohùn tó yẹ̀. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ lójú àwọn onílù. Ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí o tó náwó. Brian May, onígìtá ẹgbẹ́ olórin Queen, òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ gìtá tirẹ̀ ní 1963, pákó ibi ìdáná àtijọ́ kan ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀. Òun ló gbé kárí ayé. Kò sẹ́ni tó bi í pé ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe é.

Ọmọ Gbọ̀ngán, ìwọ wá kí mi nílé.

Onígìtá Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo gbé Sunday lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe kan níbí. Bí Ẹ̀gbọ́n Atúngìtá ṣe sọ náà ló rí, okùn kẹta àti ìkẹrin ló há. Ó pààrọ̀ nut, ó fún spring ẹ̀yìn le, ó tún ọrùn tò, ó fi okùn tuntun sí i. ₦25,000 ni gbogbo rẹ̀ já sí. Sátidé méjì ti kọjá báyìí. Lẹ́ẹ̀kan ni mo tún ohùn tò ní òde àkọ́kọ́, ní èkejì n ò fọwọ́ kàn án rárá. Kíkùn yẹn ṣì wà, àmọ́ ní ibi kejì tí Bàbá sọ, ó lọlẹ̀ gan-an. Mo ti ra tester. Ọ̀gá báńdì ò sọ nǹkan kan, kò yìn mí, kò bú mi.

Àmọ́ alátùn-únṣe yẹn fi nǹkan kan hàn mí tí n ò fẹ́ rí. Àwọn irin tó wà lọ́rùn rẹ̀, láti ìkejì dé ìkarùn-ún, okùn ti jẹ wọ́n wọnú bí ọ̀nà kòtò. Ọdún mẹ́wàá lójú kan náà. Ó ní òun lè pààrọ̀ gbogbo irin náà, àmọ́ owó tó dá lé e ju ohun tí mo fi ra Sunday lọ ní ìlọ́po méjì. Ó ní ó ṣì lè ṣe nǹkan bí ọdún kan kó tó máa gbọ̀n.

Nítorí náà, owó ilé-ìwé ti lọ. Ó ku ₦210,000. Lẹ́yìn ọdún tuntun, bí òde December bá dára, màá ra Pacifica yẹn. Sunday á padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, n kò ní tà á.

Jagun Tẹ́nọ̀:

Kí ni mo kúkú sọ?

Atúngìtá Abẹ́òkúta:

Ohun tó o sọ ni "rà á" lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Jagun. Ì bá ti ra tuntun, kó tún fi okùn 10 sínú ihò 09.

Àbúrò, bí ọyẹ́ bá dé, pákó ọrùn máa gbẹ, etí irin á yọ síta, á máa ha ọ́ lọ́wọ́. Má bẹ̀rù, kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Fi epo pákó díẹ̀ nù ún bí ojú rẹ̀ bá dúdú. Bí ó bá funfun tó ń dán, má fi nǹkan kan sí i. Gbé e wá kí n bá ọ fá etí irin náà, n kò ní gbowó.

Onígìtá Mọ́kọ́lá:

Ó funfun, sà. Mo dúpẹ́ o. Ìyàwó mi tó ti ń ka gbogbo èsì yín láti àná ní kí n bá òun béèrè: èyí tó ń bọ̀ ní January yẹn, ṣé Monday la máa sọ ọ́ ni?