Pàǹtí àdúgbò wa ní Apẹ́tẹ́ ti pọ̀ jù, báwo la ṣe lè dín in kù?

Akọ̀wéÀdúgbò:
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò kan ní Apẹ́tẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ìpàdé wa ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tó kò, torí bí mo bá lọ lọ́wọ́ òfìfo, ariwo lásán la máa pa tí a ó fi túká.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dídà nù ni. Ẹni tó ń wá kó o, tí mi ò ní dárúkọ, ti fi owó lé owó, síbẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ kì í wá lásìkò. Kí ó tó dé, ajá ti tú àpò, ewúrẹ́ ti wọ́ ọ dé ojú títì. Àwọn tí ara wọn ò gbà á mọ́ ń finá sí i lẹ́yìnkùlé, èéfín ọ̀rá á bo gbogbo ilé, a ò ní lè sáṣọ. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ òjò ni wọ́n ń wòye. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, ẹ ó máa gbọ́ gbì, gbì nínú gọ́tà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ ìbọ̀wọ́, mo tú àpò ilé tèmi síta kí n lè mọ ohun tí à ń tìtorí ẹ̀ sanwó. Èèpo iṣu ló kọ́kọ́ jáde, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ̀ lé e, ṣùkù àgbàdo, ìrẹsì tó ti kan, ewé mọ́ínmọ́ín. Abẹ́ wọn ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wà, omi ọbẹ̀ ti rin ín gbingbin. Ike òróró, agolo mílíìkì, pánpáàsì ọmọ ayálégbé mi, bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Èèpo àti oúnjẹ yẹn ju ìdajì lọ dáadáa, òun ló sì mú kí àpò náà wúwo.

Èwo la lè dín kù, èwo la lè tún lò, èwo lẹnì kan máa gbà lọ́wọ́ wa? Ohun tí ẹ fojú rí ní Ìbàdàn níbí ni kí ẹ sọ o. Ẹ má sọ ti Jámánì fún mi.

BàbáMíkírà:
Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dà á sí gọ́tà lọ. Gọ́tà á gbé e fún odò, odò á dá a padà sí pálọ̀ yín, kò sì ní gba kọ́bọ̀.

AlàgbàKúdẹtì:
Míkírà, ọ̀rọ̀ yẹn ò pa àwa tó ṣojú wa lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa ya, ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn nígbà náà kò ní gbàgbé. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya, àwọn tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Mi ò sọ pé ìdọ̀tí nìkan ló fà á. Òjò náà pọ̀, wọ́n sì ti kọ́lé dé ẹnu odò. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo abẹ́ afárá èyíkéyìí lẹ́yìn òjò kan, ẹ wo ohun tó há síbẹ̀. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là nítorí omíyalé Ìbàdàn yìí kan náà. Owó yíyá ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn.

MàmáOnígò:
Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìgò àti ike ni mo ń rà tí mo ń tà, láti ìgbà tí mo ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ kiri Bẹẹrẹ títí mo fi gba ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá. Ohun tí ẹ tú síta yẹn, owó wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó ti bà jẹ́ kó tó kúrò ní kíṣìnnì yín. Omi ọbẹ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Ohun tútù àti ohun gbígbẹ kò gbọdọ̀ sùn nínú àpò kan náà. Bí ẹ bá lè mú ìyẹn nìkan ṣe, ẹ ti ṣe é tán.

Tí ẹnì kan bá gbé sáàkì ọ̀rá wá bá mi, mi ò kì í kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ọwọ́ ni mo ń tì bọ inú rẹ̀ títí dé ìdí, torí ìdí sáàkì ni wọ́n ń kó òkúta àti ẹrẹ̀ pamọ́ sí. Tí ọwọ́ mi bá jáde tó gbẹ, a ó sọ̀rọ̀ owó. Tó bá jáde tó ń yọ̀ fún òróró, tó ń rùn bí ọbẹ̀ àná, mo máa ní kí onítọ̀hún gbé e padà. Kì í ṣe ìkà. Àwọn tó ń yọ́ ọ̀rá, kílò ni wọ́n fi ń rà á lọ́wọ́ mi, wọn ò sì ní ra omi àti ẹrẹ̀ lówó ọ̀rá. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ di hóró wẹ́wẹ́, òun ni wọ́n tún fi ń ṣe ọ̀rá dúdú tí alátà fi ń di ata fún yín.

Ti ike ní ìwà tirẹ̀. Ẹ dojú ike dé, ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ ó rí àmì kékeré onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. 1 ni ike omi àti ti mínírà. 2 ni èyí tó le, bíi kẹ́ẹ̀gì òróró àti ike ọṣẹ olómi. 5 ni ọ̀pọ̀ kúlà oúnjẹ àti ìdérí ike. 6 ni pákì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí lóde ìnáwó. Ẹ má gbé 6 wá o, kò sẹ́ni tó ń rà á lọ́wọ́ mi. Ìdí tí a fi ń ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni pé iná wọn ò dọ́gba. Iná tó yọ́ 2, 1 á wà nínú rẹ̀ gbagidi, kò ní yọ́, gbogbo èyí tí ẹ yọ́ á sì di wúruwùru.

Ṣùgbọ́n ike omi tó mọ́, mi ò fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn ayọ́ke rárá. Alágbo ń wá a, oní-sobo ń wá a, elépo ń wá a, àwọn olóyin náà ń wá a. Fífọ̀ ni, kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún: ike tí wọ́n ta oògùn apakòkòrò sínú rẹ̀. Ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ lu ihò sí i ní ìdí kó tó kúrò nílé yín, kí ẹnikẹ́ni má baà fi rọ epo fún ọmọ ọlọ́mọ.

Agolo àti irin, àwọn àbókí tó ń ti ọmọlanke á gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Agolo mílíìkì àti agolo mínírà kì í ṣe ọ̀kan náà. Mágnẹ́ẹ̀tì máa ń gbé ti mílíìkì, kì í gbé ti mínírà. Ti mínírà yẹn ló lówó lórí, torí àwọn tó ń yọ́ ìkòkò ń fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, owó irin ni wọ́n máa san fún yín lórí méjèèjì.

Wàyí o, ilé kan ṣoṣo kò lè mú mi wá sí Apẹ́tẹ́. Ike pọ̀ lójú, kò tẹ̀wọ̀n. Owó epo nìkan á gbé èrè lọ. Àmọ́ bí àdúgbò bá kó o jọ sí ọgbà ẹnì kan, lábẹ́ páànù kí òjò má pa á, tó sì tó ẹrù kọ̀rọ̀pẹ́ kan, ẹ pè mí. Ẹ má sì lọ sọ ní ìpàdé pé owó rẹpẹtẹ ń bọ̀. Ọ̀rá tó máa pé kílò kan, ẹ máa mu omi títí kó tó pé. Èrè yín gan-an ni pé àpò tí ẹ ń sanwó rẹ̀ fún ọkọ̀ akólẹ̀ máa dín kù.

ỌmọMọ́níyà:
Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n mú ti tútù, òun ni iṣẹ́ mi.

Akọ̀wé, ewúrẹ́ tó ń tú àpò yín yẹn, ohun tó ń wá kò ju èèpo yẹn lọ. Ẹ wá ẹni tó ń sìn ín ládùúgbò kí ó máa wá gbà á láràárọ̀: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèrí ògì. Kí wọ́n má fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù o, májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ sá a kó gbẹ. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn, tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, lọ́nà Mọ́níyà níbí ti rí ọgbọ́n tó yá ju sísá lọ: wọ́n ń rin èèpo náà bí ẹni ń rin gàrí, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yan án tàbí kí wọ́n sá a díẹ̀, ó ti di oúnjẹ ẹran láàárín ọjọ́ kan.

Èyí tí ẹran ò bá jẹ, ẹ fi ṣe ajílẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù tó ti jò tó, ẹ lu ihò sí i lára kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ da èèpo, ẹ da ewé gbígbẹ lé e, kí ewé gbígbẹ pọ̀ ju èèpo lọ. Ẹ máa yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa gbóná dé ibi tí ẹ ò fi ní lè ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ kó pẹ́, ẹ má bẹ̀rù, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un. Tí omi bá ro, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Tó bá fọ́n ká bí eruku, ẹ wọ́n omi sí i. Bí ó bá ń rùn, atẹ́gùn ni kò rí. Kí ẹnikẹ́ni má ju egungun, ẹja tàbí ìgbẹ́ ajá sí i, eku ló máa bá yín jẹ ẹ́. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ó ti dúdú, ó ti ń rùn bí ilẹ̀ oko.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì ní Ìbàdàn. Ajílẹ̀ Pacesetter tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ní Bódìjà láyé ọjọ́un, ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi ṣe é, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Sridhar ló sì wà nídìí rẹ̀. Èèpo kan náà yìí, tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n kó o lọ sí ààtàn Awótán tàbí ti Lápitẹ̀, abẹ́ òkìtì ló máa jẹrà sí láìrí atẹ́gùn, á máa yọ gáàsì, ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí iná ààtàn ṣòroó pa.

Ṣẹ̀gilọlá_UI:
Gbogbo ohun tí ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tó mu omi ló máa jìyà ọ̀rá, tí ẹni tó ṣe ọ̀rá ń rẹ́rìn-ín lọ sí báńkì? Nígbà tí mínírà wà nínú ìgò, ẹ ò lè ra kéréètì kan láìgbé òfìfo lọ tàbí kí ẹ fi owó ìgò sílẹ̀. Ta ló rí ìgò nínú gọ́tà nígbà yẹn? Rwanda fòfin de ọ̀rá láti 2008. Èkó fòfin de pákì funfun yẹn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Kí ẹgbẹ́ onílé yín kọ lẹ́tà sí aṣòfin yín dípò kí ẹ máa kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń ṣa èèpo.

MàmáOnígò:
Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ nípa owó ìgò, òun ló jẹ́ kí n rí owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi san. Ẹ kọ lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣòfin bá fi máa dáhùn, ọ̀rá ọ̀la ti wà nílẹ̀. Ta ló sì sọ pé ìyàwó ilé nìkan ló ní láti ṣà á? Ọkọ ò lè gbé bákẹ́ẹ̀tì ni?

Akọ̀wéÀdúgbò:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: bákẹ́ẹ̀tì ọlọ́mọrí fún èèpo, sáàkì fún gbígbẹ, ẹni tó ń sin ewúrẹ́ a ti ní méjì, lẹ́tà náà máa wọlé sí ìjíròrò. Màmá, pánpáàsì àti bátìrì ńkọ́? Tí mi ò bá mẹ́nu bà á, ìyá ọmọ kan wà tó máa dìde sí mi.

MàmáOnígò:
Pánpáàsì, kò sẹ́ni tó ń rà á, mi ò ní tàn yín. Kí wọ́n da ìgbẹ́ inú rẹ̀ sí ṣáláńgá, kí wọ́n wé e, kó bá ọkọ̀ akólẹ̀ lọ. Ìyá tó bá lè fi nápkìn aláṣọ rọ́ ọmọ lójú ọ̀sán, kó fi pánpáàsì sílẹ̀ di alẹ́, tirẹ̀ á dín kù. Bátìrì kékeré, ẹ kó o sínú ike onídèérí, kó má kan iná, torí ó ń bú gbàù. Ti ọkọ̀ ní olówó tirẹ̀, àmọ́ kí ọmọdé má sún mọ́ ọn, òjé àti ásíìdì ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ bá mi wo géètì ọgbà tí ẹ máa lò bóyá kọ̀rọ̀pẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé. Tí kò bá lè gbà, kí ẹ yan ọgbà ẹlòmíràn kí ìpàdé tó tú.