Bí owó orí kábọ́ọ̀nù bá ń ga sí i, ṣé ìwádìí náà á máa pọ̀ sí i?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọrọ̀Ajé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo rò pé bí ìjọba bá ṣe ń fi kún owó orí kábọ́ọ̀nù, ìyẹn owó orí èéfín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ á ṣe máa náwó sórí ìwádìí tó máa dín èéfín wọn kù. Olùkọ́ wa ní ó níbi tó mọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fà á?

Oníṣirò: Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ǹtì ṣírò rẹ̀ (àpẹẹrẹ lásán ni o). Ilé iṣẹ́ kan ń ṣe mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún. Èéfín tó ń jáde lórí tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ tọ́ọ̀nù 0.8, ìwádìí lè sọ ọ́ di 0.7. Bí owó orí bá jẹ́ 50 yúrò lórí tọ́ọ̀nù èéfín kan, yúrò 5 ló yọ lórí tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì kan, ìyẹn mílíọ̀nù 5 lọ́dún. Ẹ sọ owó orí di 100, ó di yúrò 10. Ṣùgbọ́n bí sìmẹ́ǹtì òkèèrè tí kò san kọ́bọ̀ bá gba ọjà, tí títà já wá sí 400,000 tọ́ọ̀nù, mílíọ̀nù 4 péré lẹ máa rí. Owó ìwádìí kò dín kù, ọjà tó máa dá a padà ló dín kù.

Ìléru: Òótọ́ ni, àmọ́ irú ìwádìí wo? Bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún èéfín sìmẹ́ǹtì, ara òkúta ẹfun ló ti ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń sun ún, kì í ṣe ara èédú. Ẹ fi gáàsì dáná, òkúta á ṣì tú tirẹ̀. Àfi kí ẹ dín òkúta sísun náà kù, kí ẹ fi amọ̀ sísun rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ gbá èéfín mú.

Ẹ wo Norway, tó gbé owó orí yìí lé epo àti gáàsì inú òkun ní 1991. Gáàsì tí wọ́n ń wà ní Sleipner, nínú òkun Norway, ní CO2 (èéfín kábọ́ọ̀nù yẹn) tó tó 9%, oníbàárà kò sì gbà ju 2.5% lọ. Dandan ni kí wọ́n yọ ọ́. Owó orí ni kò jẹ́ kí wọ́n tú u sáfẹ́fẹ́. Láti 1996 ni wọ́n ti ń tì í sínú ìpele iyanrìn tí wọ́n ń pè ní Utsira, lábẹ́ òkun.

Ará_Ọjà: Ẹ̀yin méjèèjì fo ọ̀rọ̀ àwòkọ. Bí mo bá náwó tí ẹni tá a jọ ń du ọjà wo tèmi kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, owó orí tirẹ̀ náà wálẹ̀, á sì tà ní pọ́ọ́kú ju tèmi lọ. Owó orí nìkan kò lè wo ìyẹn sàn. Ní Sweden, SSAB, LKAB àti Vattenfall da owó pọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní HYBRIT ní 2016, láti fi háídírójìn yọ irin dípò èédú. Ẹ kíyè sí i: ẹnì kan ń wa irin, ẹnì kan ń yọ́ ọ, ẹnì kan ń pèsè iná. Wọn ò du oníbàárà kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọrọ̀Ajé: Tí ilé iṣẹ́ mẹ́wàá bá wá pín ọjà sìmẹ́ǹtì yẹn ńkọ́?

Oníṣirò: Kálukú á máa ṣe 100,000 tọ́ọ̀nù. Lórí 50 yúrò yẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 yúrò ló máa yọ lọ́dún. Ìwádìí tó jẹ mílíọ̀nù 20, ọdún 4 ni ilé iṣẹ́ ńlá yẹn máa fi rí owó ẹ̀ gbà padà. Àwọn wọ̀nyí, ogójì ọdún.