Ubuntu wọlé tán, Wi-Fi ò yọjú: kí ni mo lè ṣe sí káàdì BCM43142?

Kẹ́mi_L:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni, Ubuntu 24.04 nìkan ló wà lórí ẹ̀. Gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́ àfi Wi-Fi. Mo tẹ `lspci -nn | grep -i network`, ó ní Broadcom BCM43142, 14e4:4365. Kò sí ihò Ethernet lára ẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ gba dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Ubuntu lè lo káàdì) lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún gan-an sì ni mi ò ní!

bàbá_terminal:
Káàdì yẹn ò bàjẹ́. Kernel (ọkàn Linux) ò ní dráífà fún un ni. Dráífà b43 tó wà nínú Linux ò mọ̀ ọ́n, brcmsmac náà ò mọ̀ ọ́n. `wl` tí Broadcom ṣe fúnra wọn nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ẹ yá íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ fóònù Android. Ẹ fi kéébù USB so ó mọ́ láàpútọ́ọ̀pù (èyí tó ń gbé dátà o, èyí tí kò mọ̀ ju ṣáájì lọ pọ̀ lọ́jà), kí ẹ wá tan USB tethering (pípín íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù gba kéébù) ní Settings fóònù. Bí fóònù bá wà lórí Wi-Fi ilé, ibẹ̀ náà ló máa gbà, dátà yín ò ní jó. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ èyí ní terminal:

sudo apt update
sudo apt install bcmwl-kernel-source
sudo modprobe wl

Wáyà_Pupa:
Ẹ fi ti Secure Boot (ààbò tó ń kọ dráífà tí wọn ò fọwọ́ sí) kún un, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Bó bá wà ní títàn, apt á ní kí ẹ ṣe password kan, ó kéré tán lẹ́tà 8. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn: ojú búlúù kan á yọ, ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ló sì fi ń dúró de èèyàn. Ẹ tètè tẹ bọ́tìnì kan, kí ẹ yan Enroll MOK (MOK ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi fọwọ́ sí dráífà yín), Continue, Yes, kí ẹ sì tẹ password yẹn.

Bí ibẹ̀ bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, `modprobe wl` á máa dáhùn pé "Key was rejected by service". Ẹ ṣe èyí, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn:

sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der

Lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ fi ṣe password. Kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ni ojú búlúù yẹn mọ̀. Bó bá jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ni láàpútọ́ọ̀pù yín ti wá, @ tí ẹ tẹ̀ á di nǹkan míì.

Kẹ́mi_L:
@ ló wà nínú tèmi lóòótọ́! Mo ti yọ ọ́, Wi-Fi ti dé. Àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G tó wà lára router ò hàn.

Ṣadé_Net:
Kò lè hàn láéláé, 5 GHz ni 5G ti router yẹn, 2.4 GHz nìkan sì ni káàdì yẹn ń gbọ́. Ẹ gbé 2.4 ti router sí channel 1, 6 tàbí 11, èyíkéyìí tí àwọn ará àdúgbò ò bá tíì kún inú ẹ̀.

Ọjọ́ tí kernel tuntun bá wọlé tí Wi-Fi sì tún sá lọ, ẹ tẹ `dkms status` (dkms ló ń tún dráífà kọ́ fún kernel tuntun). Bí kernel tuntun ò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ headers (fáìlì tí dkms fi ń kọ́ dráífà) ni kò sí: `sudo apt install linux-headers-$(uname -r)`.

Ká sọ tòótọ́, mi ò ní bá káàdì yìí jìjàkadì lọ títí. Dongle USB (Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB) tó ní chip MT7612U nínú ni kí ẹ rà. Láti kernel 4.19 ni dráífà ẹ̀ ti wà nínú Linux, ó sì ń gbọ́ 5 GHz. Ẹ bèèrè orúkọ chip kí ẹ tó sanwó, torí irú dongle kan náà lè ní chip mìíràn nínú. Èyí tí wọ́n bá kó CD dráífà mọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.