Àdúrà ò jáde lẹ́nu mọ́ ní àsìkò Ádífẹ́ǹtì

Ìbéèrè (Kubwa, Àbújá): Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará nínú Kristi. Ní àsìkò Ádífẹ́ǹtì yìí, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Kérésìmesì, nígbà tí ìdáhùn bá pẹ́, tí ọkàn sì ṣókùnkùn, báwo la ṣe ń gbàdúrà? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a sọ fún Ọlọ́run pé ó ti sú wa?

Ìyá Ìjọ, Nyanya: Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá, ọmọ mi. Ṣí Sáàmù 13, ẹsẹ 6 péré ni. Ẹsẹ 1 àti 2 béèrè "yóò ti pẹ́ tó?" lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹsẹ 3 tọrọ ìmọ́lẹ̀ fún ojú. Ayọ̀ ò yọjú àfi ní ẹsẹ 5. Ohun tó ń ba àdúrà yìí jẹ́ ni kéèyàn sáré fo ẹ̀dùn ọkàn lọ sínú ìyìn nítorí ìtìjú. Dúró níbẹ̀, dárúkọ ohun tó ń dùn ọ́ ní pàtó. Bí ayọ̀ ò bá tíì dé, Sáàmù 88 ńkọ́? Inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ àdúrà ni. Ṣùgbọ́n bí oorun àti oúnjẹ bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, jọ̀ọ́, lọ rí dókítà pẹ̀lú.

Olùkọ́ Bíbélì, Kàdúná: Ẹ tan àbẹ́là pẹ̀lú: 1 ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì, 2 ní èkejì, títí yóò fi pé 4 kí Kérésìmesì tó dé. Ẹ kọ́kọ́ pa iná ilé, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ tó ṣáná sí i, kí ẹ sì ka Aísáyà 9:2. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà yẹn, ewé ọ̀ṣọ́ tí a fi yí àbẹ́là ká á gbẹ, iná sì lè ràn án. Àwo irin tí a da iyanrìn sí ló dáa jù láti gbé àbẹ́là lé.

Kubwa: Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà. Àwọ̀ àbẹ́là náà ńkọ́?

Olùkọ́ Bíbélì, Kàdúná: Ọ̀pọ̀ ìjọ ń lo elésè àlùkò 3 àti píǹkì 1, ti ọ̀sẹ̀ kẹta. Funfun náà tó.