Ehoro méjì nínú ilé kan: ẹ wá sọ bí tiyín ṣe rí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Apẹ̀tẹ̀ níhìn-ín ni mò ń gbé. Ẹnì kan bi mí lánàá bóyá kí òun ra ehoro kejì kó máa bá ti òun ṣeré. Mo ní kó má tíì rà á, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí.

Òwú ni mo kọ́kọ́ ní. Abo ni, ó funfun láti etí dé ìrù. Ó ti lo ọdún kan àtààbọ̀ lọ́dọ̀ mi kí n tó fura pé dídá tó ń dá wà ń dùn ún. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ dé, màá bá a nídìí ilẹ̀kùn kéèjì, á máa fi eyín ha wáyà. Ni mo bá lọ ra Adú, akọ, ọmọ oṣù márùn-ún. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ṣí kéèjì Òwú tí mo gbé àlejò sí i.

Mi ò mọ̀ pé ehoro lè ja irú ìjà bẹ́ẹ̀. Òwú kùn bí ajá, ó fò mọ́ ọn, wọ́n wé mọ́ra, wọ́n ń yí gbirigbiri, irun ń fò káàkiri. Mo ti ọwọ́ bọ àárín wọn, eyín wọ àtàǹpàkò mi. Kí n tó rí Adú yọ, etí òsì rẹ̀ ti ya. Títí di òní, bí mo bá fọwọ́ kan àpá yẹn, ó ń dùn mí, torí kò dá ara rẹ̀ wá, èmi ni mo mú un wá.

Dókítà ẹran tó tọ́jú etí náà ló là mí lọ́yẹ. Ó ní Òwú kò burú. Inú kéèjì yẹn ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń sùn, ó ti fi àgbọ̀n rẹ̀ ra gbogbo igun rẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé láìkan ilẹ̀kùn, olè ni lójú rẹ̀. Ó ní ká tẹ Adú lọ́dàá, torí ọjọ́ 31 péré ni ehoro fi ń lóyún tó fi ń bímọ. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé akọ tí wọ́n tẹ̀ lónìí ṣì lè fún abo lóyún fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. A bá dúró.

Ìgbà ìdúró yẹn gan-an ló ṣiṣẹ́. Mo gbé kéèjì méjèèjì kọjú síra, mo fi àlàfo díẹ̀ sáàárín kí wọ́n má bàa gé ara wọn nímú jẹ. Láràárọ̀, mò ń kó koríko tí Adú sùn lé fún Òwú, mò ń kó ti Òwú fún Adú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Òwú tọ̀ sórí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì, gbì. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó sùn lé e. Yánrin àti ewé ọ̀dùnkún tí mò ń rà ní Bódìjà, ìdí wáyà ni mò ń kó o sí kí wọ́n lè máa jẹun lójú ara wọn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 6 pé, balùwẹ̀ àlejò ni mo kó wọn lọ, torí kò sí èyí tó tẹ ibẹ̀ rí nínú wọn. Mo tẹ́ ẹní àtijọ́ sórí táìlì kó má bàa yọ̀ wọ́n, mo gbé páálí méjì síbẹ̀, mo dá ihò méjì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má bàa há. Tíréè pẹlẹbẹ ni mo mú lọ́wọ́ láti fi là wọ́n. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́. Òwú lé e, ó gùn ún, ó fa irun rẹ̀ díẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ bí etí bá ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tí ìrù sì nà sókè, tíréè ti wọlé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kọkànlá, Adú rọra wá, ó tẹ orí ba sábẹ́ àgbọ̀n Òwú. Òwú wò ó, ó pẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lá iwájú orí rẹ̀, títí dé etí tó ya yẹn. Omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fi fínígà fọ kéèjì ńlá, mo tún inú rẹ̀ tò, wọ́n sì jọ sùn síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà: Ẹ kú ìtọ́jú, ọmọ mi. Tèmi kò tilẹ̀ jà. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní abo ni méjèèjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ọmọ mẹ́fà nínú irun tí ọ̀kan fà yọ níkùn ara rẹ̀. Kí n tó mú akọ kúrò, ó ti tún gùn ún lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọjọ́ 31 lẹ́yìn náà, ọmọ márùn-ún. Ìyá wọn rù kan eegun, àánú rẹ̀ pa mí. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta, ẹ gbé wọn fún ẹni tó mọ̀ kó tún ìdí wọn wò.

Bọ̀dá Challenge: Àwọn méjì tèmi ti jọ wà fọ́dún mẹ́ta. Ọ̀kan kò jẹun, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo gbé e dé, èkejì kò mọ̀ ọ́n mọ́, òórùn oògùn ló gbọ́ lára rẹ̀. Wọ́n jà. Láti balùwẹ̀ ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, bí ọ̀kan bá ń lọ, méjèèjì ni mò ń gbé, inú agbọ̀n kan náà.

Èmi, Apẹ̀tẹ̀: Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Ọjọ́bọ̀ ni Òwú máa lọ yẹ eyín wò. Màá wá agbọ̀n tó gba méjì lọ́la ní Ọjà Ọba.