"Ìpèsè àìṣedànù" ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn oníbúrẹ́dì, aránṣọ àti aránbàtà béèrè ohun tí a ó máa pe lean production, ìyẹn ọ̀nà iṣẹ́ tí Toyota, ilé iṣẹ́ mọ́tò ará Japan, fi ń yẹra fún àṣedànù. Mẹ́ta ni ẹ ti dá lábàá: "ìṣelọ́pọ̀ tín-ín-rín", "iṣẹ́ pẹ́lẹ́ńgẹ́" àti "ìṣọ́wóná". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí ìwé náà tó dọ́wọ́ atẹ̀wé.

Toyota kọ́ ló sọ ọ̀nà iṣẹ́ wọn ní lean, tó túmọ̀ sí tín-ín-rín. Ará Amẹ́ríkà kan, John Krafcik, ló lo orúkọ náà nínú àròkọ kan ní 1988, nígbà tó ń ṣèwádìí nípa ilé iṣẹ́ mọ́tò ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó fi ṣe òdì kejì ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń to ẹrù jọ pelemọ nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀. Ẹrù ló ní kó tín-ín-rín, kì í ṣe èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá oníbúrẹ́dì bá ka "tín-ín-rín" tàbí "ìṣọ́wóná", ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kó lé ọmọ iṣẹ́ méjì lọ. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní 1950, gbèsè wọ Toyota lọ́rùn, wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀, Kiichiro Toyoda tó dá ilé iṣẹ́ mọ́tò náà sílẹ̀ sì fi ipò ààrẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ló sì gbé e ró, torí òun ló ń rí àléébù, òun náà ló láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró. Ẹni tí ẹ̀rù àtilé ń bà kò ní dá nǹkan kan dúró.

"Ìṣelọ́pọ̀" tún ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ gbọ́ "lọ́pọ̀" inú rẹ̀. Ọ̀nà yìí ní ká ṣe ìwọ̀n tí oníbàárà béèrè, nígbà tó béèrè rẹ̀. "Ìpèsè" kò dá iye kankan lé wa lórí.

Ohun tí wọ́n ń gbógun tì ni muda, ọ̀rọ̀ Japan fún ohunkóhun tó ń gba agbára tàbí àkókò láìṣe oníbàárà láǹfààní. Taiichi Ohno tó darí iṣẹ́ náà ní Toyota ka oríṣi rẹ̀ sí méje. "Pàǹtí" kò bá a mu, nítorí a kì í fi ìgbálẹ̀ gbá ìdúró lásán. "Òfò" wúwo jù, ọ̀rọ̀ ẹni tí èèyàn kú fún ni. Ilé búrẹ́dì tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun lẹ́yìnkùlé, tí ààrò wà níwájú, tí ọmọ iṣẹ́ ń ru abọ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ títí alẹ́, kò ṣe òfò kankan tí a lè fojú rí. Àṣedànù ló ń ṣe: làágùn tí oníbàárà kò ní sanwó fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní "ìpèsè àìṣedànù". Ẹnìkan ti ní orúkọ tó bá fi "àì" bẹ̀rẹ̀ kì í dùn ún gbọ́. "Àìkú" ńkọ́? "Àìyẹsẹ̀" ńkọ́?

Méjì nínú àwọn méje náà ni ẹ jùmọ̀ ń pè ní "àṣejù", ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n. Kí aránṣọ máa fi abẹ́rẹ́ pa ìránṣọ inú lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè, àṣejù nìyẹn. Kí oníbúrẹ́dì yan kọjá iye tí àwọn alátùntà ní kó yan, torí pé ààrò ṣì gbóná, kí búrẹ́dì tó ṣẹ́ kù wá bu, mo ní ká pè é ní "àṣekù", bí àjẹkù. Èyí ni Ohno kà sí èyí tó burú jù, nítorí pé ó ń bo mẹ́fà yòókù mọ́lẹ̀. Níbi tí ọjà ti kún àká, ta ni yóò mọ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣàìsàn?

Ó ku kanban, tó túmọ̀ sí pátákó àmì lédè Japan: àmì tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan ti tán, kí wọ́n mú òmíràn wá. "Káàdì ìbéèrè" tí ẹ dá lábàá yé èèyàn, àmọ́ àpótí òfìfo lè ṣe iṣẹ́ náà láìsí káàdì. Aránbàtà ní àpótí ìṣó méjì. Bí ọ̀kan bá tán, ó gbé òfìfo rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń ra ìṣó ti mọ ohun tó kàn. Àrokò gan-an nìyẹn! Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ọba àti ogun ni ilé ìwé fi kọ́ wa nípa àrokò, ṣùgbọ́n àwọn baba wa fi owó ẹyọ pàrokò sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kó kú sínú ìwé ìtàn.

Mi ò tíì fọwọ́ sí "ìdúródè" fún àkókò tí èèyàn fi ń retí awọ tàbí iná. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ bàtà ti gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sún mọ́ wọn nínú yín, kó bá wa bi wọ́n kí àbúrò wa tó parí orí kejì.